Ẹsẹ̀ Ìyé Mi Lọ́wọ́ Ẹlòmíràn

Mo ti jowú ọkùnrin ẹgbẹ́ mi kan rí, owú tó le débi pé mo máa ń gbé oúnjẹ síwájú tí n kò ní lè jẹ ẹ́. Àwọn tí mo bá sọ ọ́ fún máa ń rò pé obìnrin ló wà láàárín wa. Ẹsẹ̀ ìyá mi ló wà láàárín wa.

Yínúsà lorúkọ rẹ̀. Àwa méjì péré ni ọkùnrin nínú kíláàsì wa nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ Kabba ni, Mùsùlùmí; bàbá rẹ̀ ń tún ọ̀kadà ṣe. Ọmọ Iffe, ìlú kan nítòsí Kabba, ni èmi, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Nítorí pé a kò rí ẹlòmíràn bá rìn, a ti di ọ̀rẹ́ kí a tó mọ̀ bóyá a fẹ́ràn ara wa. Nígbà tí àwọn obìnrin bá wọ yàrá lọ pààrọ̀ aṣọ, àwa méjèèjì a dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú yúnífọ́ọ̀mù tí télọ̀ fi aṣọ obìnrin gé fún wa, tí ó fún wa lábíyá. Bí a bá gba inú ọjà kọjá, ẹnìkan kò ní ṣàìké pé, "Ẹ wá wo ìyá nọ́ọ̀sì onírùngbọ̀n!" Yínúsà a dá wọn lóhùn pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ ti jẹun?" Wọn a bú sẹ́rìn-ín. Èmi a tẹ orí mọ́lẹ̀, n ó máa yára lọ.

Ìyé mi, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa, kò bá mi jà nígbà tí mo yan iṣẹ́ yìí. Ohun tó ṣe dùn mí ju ìjà lọ. Ó purọ́. Bí wọ́n bá bi í ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí lọmọ rẹ̀ ń kọ́, "Iṣẹ́ dókítà ni" ló máa ń wí. Lọ́jọ́ kan ó wí bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó pásítọ̀, èmi sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a délé, ó ní, "Má bínú. Kò ní yé wọn."

"Kí ni kò ní yé wọn, Ìyé?"

"Pé ọkùnrin tó lágbára, tó kàwé, ló ń nu ìdí arúgbó."

Bàbá mi ti kú nígbà náà, n kò sì fẹ́ kí èmi náà tún bà á nínú jẹ́. Ṣùgbọ́n mo gbé ọ̀rọ̀ náà sínú. Mo ní lọ́jọ́ kan, òun fúnra rẹ̀ yóò dúró láàárín ìlú, yóò sì sọ pé nọ́ọ̀sì lọmọ òun.

Nínú ìwé, mo ju Yínúsà lọ. Nínú iṣẹ́ ọwọ́, kò sẹ́ni tó lè bá a dọ́gba. Mo rántí obìnrin Ìgbìrà kan tó ń rọbí. Bí mo ṣe sún mọ́ ọn ló fariga: "Ẹ má jẹ́ kí ọkùnrin yìí fọwọ́ kàn mí!" Ìtìjú mú mi, mo jáde. Yínúsà wọlé. Kò fọwọ́ kàn án. Ó lóṣòó sí ìgbèrí rẹ̀, ó fi èdè Ìgbìrà tó gbọ́ láàbọ̀ kí i, ó sì bi í léèrè orúkọ àkọ́bí rẹ̀. Nígbà tí mo padà yọjú, obìnrin náà ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò fẹ́ kó lọ. Ibẹ̀ ni owú mi ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì kéré nígbà náà, bí ẹ̀gún wẹ́wẹ́ inú àtẹ́lẹwọ́.

A jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan nílé ìwòsàn kan náà ní Kabba. Lẹ́yìn náà a jọ ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ lọ ṣe nọ́ọ̀sì ní England. Mo yege. Máàkì Yínúsà dín díẹ̀. Ó bá mi gbé àpótí mi wọ inú ọkọ̀, ó dúró sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń juwọ́. Inú mi dùn pé mo ń lọ. Kí n má purọ́, inú mi dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ pé òun kò lọ.

*

Wọ́ọ̀dù àwọn arúgbó ni wọ́n fi mí sí, nínú ìlú kékeré kan lápá àríwá England, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń ṣú kí ọmọ ilé ìwé tó délé. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé n kò tíì jẹ́ nọ́ọ̀sì. Èmi tí mo ti rán orí ẹni tí ọ̀kadà gbá nídìí iná tọ́ọ̀ṣì, aṣọ àwọn olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n fún mi wọ̀. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ ṣe ìdánwò. Mo dúró níwájú olùdánwò méjì, mo ń fi hàn wọ́n bí ènìyàn ṣe ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Mo fọ̀ ọ́ bí ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú omi náà.

Lọ́jọ́ tí èsì dé pé mo yege, mo ra adìẹ díndín, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan níta, mo ń jẹ ẹ́ nínú òjò wẹ́wẹ́. Kò sẹ́ni tí n ó sọ fún. Mo pe Ìyé.

"Mo yege o, Ìyé!"

"Ọlọ́run ṣeun!" Ó ké débi pé àwọn adìẹ ilé wa pariwo, mo gbọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé wọ́n ti sọ ọ́ di dókítà níbẹ̀ báyìí?"

Mo ní, "Rárá, Ìyé. Nọ́ọ̀sì ni."

"Ó dáa náà," ló wí.

Mo rò pé níbi tí mo wà yìí, kò ní sí ẹni tí yóò kọ̀ mí nítorí pé mo jẹ́ ọkùnrin. Irọ́ ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Margaret wo bí mo ṣe gbé bàsíà omi bọ̀, ó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kí wọ́n rán ọmọbìnrin sí òun. Mo gbé bàsíà mi, mo padà. Ó dà bíi pé mo sọdá òkun wá bá obìnrin Ìgbìrà ọjọ́sí. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sì máa ń yọ̀ bí wọ́n bá rí mi láàárọ̀: "Ọkùnrin wà lónìí!" Ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń yọ̀ mọ́. Aláìsàn tó bá sanra, èmi ni kí n wá gbé e. Aláìsàn tó bá ń lu ènìyàn, èmi ni kí n wá dì í mú. Nọ́ọ̀sì ni orúkọ tó wà láyà mi. Alábàárù ni wọ́n ń lò mí fún.

Nígbà tó sú mi, mo ṣe ohun tí Yínúsà máa ń ṣe. Mo lọ lóṣòó sí ìgbèrí Margaret, mo sì bi í léèrè orúkọ àkọ́bí rẹ̀. David ni, ló wí, ọmọ kan ṣoṣo. Australia ló ń gbé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kò tó oṣù kan, ó di pé bí n kò bá wà níbi iṣẹ́, kò ní wẹ̀. Ọ̀gá wọ́ọ̀dù wa yìn mí níwájú gbogbo ènìyàn. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo jí ọgbọ́n náà gbé ni.

David máa ń pè é lórí fídíò. Èmi ni mo máa ń di ẹ̀rọ náà mú fún ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo fi irọ̀rí gbé e jókòó dáadáa, David sì sọ láti inú ẹ̀rọ pé, "Ṣé bó ṣe yẹ kí o gbé e nìyẹn?" Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Mo ní lọ́kàn mi pé, kí ló kàn ọ́, ìwọ tó wà lẹ́yìn ayé?

*

Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti dé ibẹ̀ nígbà tí kùkùté gún Ìyé lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń ṣa káṣú lẹ́yìn ilé. Ó ti ní ìtọ̀ ṣúgà tipẹ́. Ó fi egbò náà pamọ́ títí ó fi wú. Fúnmi, àbúrò mi obìnrin, tó ń ṣe tíṣà ní Iffe tó sì ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, ló fi ipá gbé e wọ ọkọ̀ lọ sí Kabba. Ta ni wọ́n bá níbi tí wọ́n ti ń wẹ egbò? Yínúsà ni.

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo pè é, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọpẹ́ kí ni? Ìyá wa ni." Nígbà tó rí i pé ọ̀nà Kabba ń tán Ìyé lókun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọ̀kadà rẹ̀ wá sí Iffe bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń pe ilé. Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí mo bá a níbẹ̀, Fúnmi yí fóònù sọ́dọ̀ wọn. Ìyé jókòó sórí àga abẹ́ igi máńgòrò. Yínúsà wà lórí àpótí kékeré níwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ Ìyé sì wà lórí itan rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Ó ń tú báńdéèjì, Ìyé ń bú u, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín.

"Okun o, ará òkè òkun!" Yínúsà kí mi láìgbójú sókè.

"Okun o," mo dáhùn. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Atàǹpàkò rẹ̀ wà lábẹ́ gìgísẹ̀ Ìyé. Mo rí gìgísẹ̀ náà, bó ṣe là sí wẹ́wẹ́, mo sì rántí pé láti ìgbà tí mo ti di géńdé, n kò fọwọ́ kàn án rí.

Bẹ́ẹ̀ ni owú náà ṣe wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ohun tí mo ń gbọ́ nílé, Yínúsà ló wà nínú rẹ̀. Mo bèèrè bí egbò ṣe ń ṣe, Ìyé ní, "Bi Yínúsà." Nígbà tí iṣu tuntun jáde, Yínúsà ni Ìyé ní kí wọ́n kọ́kọ́ gúnyán rẹ̀ fún. Mo ní, "Tèmi ńkọ́, Ìyé?" Ó ní, "Ṣé kí n tì í bọ inú fóònù ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì gbé àwo ìrẹsì mi kúrò níwájú. Yínúsà mọ̀ pé ẹ̀yìn ń ro ó. Yínúsà mọ àlá tó lá nípa bàbá mi. Èmi kò mọ̀.

Àwọn ènìyàn máa ń bi wá níbí pé kí ni a fi sílẹ̀ nílé. Wọ́n ń retí pé kí a dárúkọ oúnjẹ tàbí oòrùn. Èmi rò pé àyè ni ènìyàn máa ń fi sílẹ̀, àyè tó tó ara rẹ̀ gẹ́lẹ́, láàárín àwọn tirẹ̀. Mo máa ń rò pé tèmi yóò ṣófo títí n ó fi padà dé. N kò mọ̀ pé ẹlòmíràn lè jókòó síbẹ̀, kí ó sì bá a mu jù mí lọ.

Ohun tó dùn mí jù wáyé lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí Fúnmi gbé fóònù sórí àga tó lọ mú omi. Àwọn ti gbàgbé mi. Òrùlé pánù nìkan ni mo ń rí. Mo gbọ́ ohùn aládùúgbò wa kan tó yà kí wọn, ó ń bèèrè pé ta lọkùnrin yìí. Mo sì gbọ́ Ìyé, ketekete, pẹ̀lú ìgbéraga tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí:

"Nọ́ọ̀sì ni o! Ọkùnrin ni, nọ́ọ̀sì sì ni. Ṣé o rí bó ṣe ń ṣe é? Iṣẹ́ ọkùnrin gan-an ni."

Mo pa fóònù. Mo ti retí ọ̀rọ̀ yẹn láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé ẹ̀kọ́. Ó dé, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló kàn.

*

Ẹni tó bá ń jowú kì í wá ẹ̀sùn tì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ Yínúsà bí olùdánwò. Omi iyọ̀ ló fi ń wẹ egbò náà. Ó ń fi sísọ́ọ̀sì gé ẹran tó ti kú kúrò lójú rẹ̀. Ó ń dì í pẹ̀lú gọ́ọ̀sì lásán, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń bo egbò. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Ṣùgbọ́n mo sọ fún Ìyé pé àwọn ará ibí kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ra báńdéèjì kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara, tí a kì í ṣí fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, mo fi rán ẹnìkan tó ń lọ sílé. Mo mọ̀ dáadáa pé ní wọ́ọ̀dù wa, a kò jẹ́ fi irú rẹ̀ bo ẹsẹ̀ onítọ̀ ṣúgà tí egbò rẹ̀ ń ṣomi, kí a sì fi í sílẹ̀ láìṣí wò. Mo mọ̀. Owú ní kí n má rántí.

Mo wá kọ̀wé sí Yínúsà lórí fóònù. Mo ní ìyá mi kì í ṣe ohun ìdánrawò. Mo ní bó ṣe ń ṣe é kò bágbà mu, kí ó fi í sílẹ̀, èmi àti Fúnmi yóò máa tọ́jú rẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ.

Ó kàn kọ ọ́ pé, "Mo ti gbọ́. Okun o."

Fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, inú mi dùn bí ẹni tó gba ilẹ̀ baba rẹ̀ padà nílé ẹjọ́. Fúnmi a gbé fóònù sílẹ̀, n ó máa darí rẹ̀: "Fà á díẹ̀díẹ̀. Má jẹ́ kó ká. Ó dáa." Ẹsẹ̀ náà ti di tèmi. Ìyé kò rẹ́rìn-ín mọ́, kò sì bú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo ní ó ń fara balẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ kan Fúnmi ní, "Bùọ̀dá, ó ń rùn o."

"Báńdéèjì yẹn ló máa ń rùn bẹ́ẹ̀."

"Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kékeré ti dúdú."

"Gbé e síbi ìmọ́lẹ̀." Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa. Mo rí nǹkan tó rí bàìbàì. "Òjìji ni," mo wí.

"Ṣé kí n pe Bùọ̀dá Yínúsà?"

"Kí ni ó fẹ́ ṣe tí èmi kò lè ṣe?" Ohùn mi le.

Ọjọ́ kẹta, ibà ńlá mú Ìyé, ó ń gbọ̀n, ó ń pe bàbá mi. Èmi kọ́ ni Fúnmi kọ́kọ́ pè. Yínúsà ló pè. Ó gbé ọkọ̀ wá láti Kabba, ó gbé Ìyé sẹ́yìn wọ inú rẹ̀. Nígbà tí mo rí ìkéde lórí fóònù mi pé Fúnmi pè mí, mo ti ń jáde níbi iṣẹ́. Wọ́n ti gé ìka ẹsẹ̀ méjì.

Mo padà sínú wọ́ọ̀dù, n kò mọ ìdí. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Margaret. Ó ń sùn. Mo rántí David nínú ẹ̀rọ, bí ojú rẹ̀ ṣe ń tẹ̀ lé ọwọ́ mi lára ìyá rẹ̀. Mo mọ irú ojú tó jẹ́ wàyí. Ojú tèmi ni.

*

Mo gba ìsinmi, mo wálé. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ní Kabba, Yínúsà ló ń nu ara Ìyé. Ó rí mi, kò dúró. Ó nu ẹ̀yìn rẹ̀ tán, ó fi aṣọ bò ó, ó fún tówẹ́ẹ̀lì, kó tó jáde wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti ní ewú níbi ẹ̀bátí.

"O káàbọ̀," ló wí.

Mo ní, "Yínúsà, èmi ni mo fa èyí."

"Mo mọ̀." Kò sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Báńdéèjì yẹn! Lójú egbò tó ń ṣomi! Ìwọ tó o máa ń gba ipò kìíní! Nígbà tí mo ṣí i, mo fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ kí o máa fi sùn."

"Kí ló dé tí o kò ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ó wo ilẹ̀. "Nítorí pé ọwọ́ tèmi náà kò mọ́. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ pé o ń jowú? Mo mọ̀. Ó ń dùn mọ́ mi. Gbogbo ìgbà tí o bá fi fọ́tò ara rẹ nínú yúnífọ́ọ̀mù yẹn ránṣẹ́, mo máa ń pa á rẹ́ kúrò lórí fóònù mi. Èmi tí mo mọ iṣẹ́ yìí jù ọ́ lọ! Nítorí náà bí ọjọ́ Ìsinmi bá dé, mo máa ń rí i dájú pé àkókò tí o máa ń pè ni mo débẹ̀. Mo fẹ́ kí o gbọ́ bó ṣe ń pè mí lọ́mọ. Nígbà tí o sì kọ̀wé pé kí n má wá mọ́, mo ní kí o máa ṣe é lọ, ká wo bí yóò ṣe rí. Ọ̀sẹ̀ méjì, n kò yọjú. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀."

A dúró síbẹ̀. Àwọn ènìyàn ń gba àárín wa kọjá pẹ̀lú kúlà oúnjẹ. N kò bá a wí, kò bá mi wí mọ́. Ìtìjú tó mú wa kò fi àyè sílẹ̀ fún ìjà.

Mo wọlé lọ bá Ìyé. Mo dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ wọ́ọ̀dù níbẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún un pé báńdéèjì tí mo fi ránṣẹ́ ló ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́, àti pé owú ló mú mi lé Yínúsà. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Dìde. Ilẹ̀ yẹn kò mọ́." Ó wá yíjú sí obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì: "Ọmọ mi tó wà ní England nìyí. Òun náà, nọ́ọ̀sì ni."

Òun náà. Mo yọ̀, ó sì gún mi, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ọjọ́ kejì mo bẹ Yínúsà pé kí ó jẹ́ kí n wẹ egbò náà. Kò jiyàn. Ó gbé àwo irinṣẹ́ lé mi lọ́wọ́, ó sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo fọ ọwọ́ mi. Mo gbé ẹsẹ̀ Ìyé sórí itan mi. Ó fúyẹ́, ó gbóná. Mo fi ọwọ́ tó fara balẹ̀ jù lọ láyé mi tú gọ́ọ̀sì náà.

Ìyé ń wo òrùlé. "Ṣé wọ́n máa ń ta iṣu níbẹ̀?" ló bi mí.

"Wọ́n ń tà á, Ìyé."

"Ó dáa. Ṣé òtútù yẹn ti dín?"

"Ó ti dín díẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ohùn rẹ̀ tutù bí ẹni tó jókòó sí ìloro. Mo rò pé ọwọ́ mi ló tù ú lára. Mo gbójú sókè láti rẹ́rìn-ín sí i. Òógùn ti bo gbogbo iwájú orí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ètè rẹ̀ ti funfun.

Yínúsà sọ láti ẹnu ọ̀nà pé, "Ìyé, ẹ ké."

"Báwo ni n ó ṣe máa ké lójú ọmọ mi?" Ìyé wí, ó di eyín pọ̀. "Tí yóò padà síbi tó jìnnà bẹ́ẹ̀? Tí yóò máa rántí rẹ̀?"

Mo ní, "Ṣùgbọ́n ẹ máa ń ké níwájú Yínúsà."

"Yínúsà kò jáde láti inú mi. Bí mo bá ké mọ́ ọn lórí, yóò lọ sílé rẹ̀, yóò jẹun, yóò sùn."

Mo fi ẹ̀mú sílẹ̀ sínú àwo. Mo dìde, Yínúsà sì jókòó sí àyè mi. Bó ṣe fọwọ́ kan egbò náà ni Ìyé figbe ta. Ó pè é ní apààyàn, ó pè é ní ọmọ alágídí, ó gbá a lórí. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ó lè ráyè ké tẹ́rùn.

*

Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. Ẹsẹ̀ Ìyé ń jiná, ó ti ń fi ọ̀pá rìn dé ìdí igi máńgòrò. Èmi àti Yínúsà máa ń sọ̀rọ̀ lórí egbò náà báyìí bí nọ́ọ̀sì méjì. Ó máa ń ya fọ́tò rẹ̀ fún mi, n ó sì sọ èrò mi. Nígbà mìíràn ó gbà, nígbà mìíràn ó ní kí n lọ jókòó. David pe ìyá rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kí n tó fọwọ́ kan Margaret, mo kọ́kọ́ sọ fún David ohun tí mo fẹ́ ṣe, mo sì ní kó sọ fún mi bí ìyá rẹ̀ ṣe fẹ́ràn kí irọ̀rí rẹ̀ rí. Ó ya ọkùnrin náà lẹ́nu. Ó sọ fún mi.

Ẹ má rò pé owú náà ti tán. Àná ni ọjọ́ Ìsinmi. Mo pe ilé, Fúnmi ní Yínúsà ti dé, wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ yí fóònù sọ́dọ̀ wọn. Mo ní kó dojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí àga, kó má sì jẹ́ kí Ìyé mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, fóònù wà létí mi. Mo gbọ́ ìró omi nínú àwo. Mo gbọ́ Yínúsà tó ní, "Ìyé, ó yá o." Lẹ́yìn náà Ìyé bẹ̀rẹ̀ sí í ké, igbe ńlá, igbe ẹni tí kò tọ́jú nǹkankan pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo jowú igbe náà. Mo sì jókòó, n kò pa fóònù, títí Yínúsà fi di egbò náà tán.